Ẹni Tó Di Orí Ẹṣin Mú

Òórùn ẹṣin kì í tètè kúrò lára aṣọ. Ó jọ òórùn koríko tí òjò pa tí oòrùn tún wá sá, tí òógùn àti awọ dàpọ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń wọ inú kóòtù òtútù débi pé bí o fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí o bá ti wọ ilé tó móoru ni yóò tún yọjú. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí mo bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé mi ti òkè wá, tí mo wọ sọ́búwéè lọ sí Mount Hope ní Bronx, àwọn èèyàn á rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nínú ọkọ̀ yẹn, èèyàn lè gbé òórùn ẹja wọlé, ó lè gbé ti ọtí, ó lè gbé ti igbó, ẹnikẹ́ni ò ní wojú rẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹṣin ò yé wọn. Àbúrò mi obìnrin tí a jọ ń gbé kì í jẹ́ kí n gbé kóòtù náà kọjá ẹnu ọ̀nà. Ìta fèrèsé ló máa ń fi í kọ́ sí, lára àkàbà onírin tí wọ́n ṣe nítorí iná, á ní òun ò bá ẹṣin pín rẹ́ǹtì.

Ìlú kékeré kan ni mo ti ń gbé òórùn náà bọ̀, ní apá àríwá New York, nǹkan bíi wákàtí kan àti díẹ̀ lórí irin. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dárúkọ wọn. Olówó ni wọ́n, ṣùgbọ́n olówó tí kì í pariwo. Wọn ò fi iná sójú títì, wọ́n ní ìràwọ̀ tó àwọn. Wọn ò gba ṣọ́ọ̀bù láyè, bí iyọ̀ bá tán nílé, ìlú kejì ni wàá wakọ̀ lọ. Ilẹ̀ tó wà láàárín ilé kan sí èkejì, bí a bá gbin ẹ̀gẹ́ sí i, á bọ́ abúlé kan yó, koríko lásán ni wọ́n gbìn síbẹ̀, wọ́n wá fi ọgbà onígi funfun yí i ká. Ẹṣin lọ̀gá níbẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́ṣin gba ẹ̀yìn ilé gbogbo wọn kọjá, òfin ìlú sì ni, kò sí olówó tó lè dí i. Ní oríta kan báyìí tí wọ́n fi iná tó ń dá ọkọ̀ dúró sí, òkè téńté ni wọ́n fi bọ́tìnnì rẹ̀ sí kí ẹni tó wà lórí ẹṣin lè nawọ́ tẹ̀ ẹ́. Èmi ní láti fò kí ọwọ́ mi tó kàn án. Ẹlẹ́sẹ̀ ò sì ní ọ̀nà kankan. Láti ibùdókọ̀ ojú irin, inú koríko ẹ̀gbẹ́ títì ni mo máa ń gbà fún ogójì ìṣẹ́jú, tèmi ti báàgì mi. Lọ́sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ọlọ́pàá dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sùúrù bi mí bóyá mo sọnù ni. Mo ní rárá, iṣẹ́ ni mò ń lọ. Mo sọ nínú ara mi pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n là ọ̀nà fún, kí ẹlẹ́sẹ̀ méjì wábi gbà.

Ìyá àgbàlagbà kan ni mò ń tọ́jú níbẹ̀, láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe lọ́yà ní Manhattan ló máa ń wá dúró tì í ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọkọ ìyá náà ti kú tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ó sì gun ẹṣin títí egungun ìdí rẹ̀ fi kán tí àga onítáyà gbà á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n máa pe orúkọ òun. Mo ní ahọ́n mi ò lè gbé e, ẹni tó ju ìyá tó bí mi lọ. Bí a ṣe fẹnu kò sí "Mama" nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Bí ọbẹ̀ mi bá ta, á bi mí bóyá mo fẹ́ jogún òun kíákíá ni. Bí mo bá pẹ́ lórí ìrun, á ní kí n bá òun kí Ọlọ́run, kí n sì rán an létí orúnkún òun. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ báyìí kí o má baà rò pé iṣẹ́ lásán ni mo lọ ṣe, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, bí kì í bá ṣe ìfẹ́, bóyá ì bá má ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn ilé, ilé ẹṣin kan wà tí ẹṣin mẹ́fà ti gbé rí. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù. Ẹṣin pupa rúsúrúsú ni, àmì funfun kan ti iwájú orí rẹ̀ gùn dé imú, ó sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, èyí tó jẹ́ pé ẹṣin díẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Ó ní orúkọ òyìnbó gígùn kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ ni èmi sọ ọ́, nítorí bó ṣe máa ń fẹ̀sọ̀ rìn, tí á máa wo olúkúlùkù bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá kí òun. Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mama, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́. Ọkùnrin kan tó wá láti Ecuador ló ń bá wọn tọ́jú ẹṣin náà, èèyàn jẹ́jẹ́ kan tó máa ń wá mu kọfí lọ́dọ̀ mi ní kíṣìnì bó bá parí iṣẹ́ àárọ̀. Láago mẹ́sàn-án ààbọ̀, màá ti Mama dé ìdí ọgbà, á fi àtẹ́lẹwọ́ bọ́ ẹṣin náà ní ápù tí mo gé wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹṣin á gbé orí lé e léjìká. Wọ́n á wà bẹ́ẹ̀, èmi á dúró lẹ́yìn wọn, òtútù á máa jẹ mí létí.

Ní ọjọ́ kan tí igi ti ń wọ́wé, ó sọ fún mi níbẹ̀ pé gbogbo ẹṣin òun tó ti kú, òun lòun di orí wọn mú. Àṣà wọn ni, àwọn ẹlẹ́ṣin. Bí ẹṣin bá ti darúgbó tàbí tí àìsàn rẹ̀ kò lóògùn mọ́, dókítà ẹran á fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn, ẹni tó ni ín á sì dúró síwájú rẹ̀, á di orí rẹ̀ mú, á máa bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi lọ. Ó ní ẹṣin ò mọ ohun tó ń jẹ́ ikú, ojú tó mọ̀ nìkan ló máa ń wá. Ó wá yíjú sí mi.

"Bí ọjọ́ rẹ̀ bá pé, bí mo bá ń sùn, jí mi. Bí ara mi ò bá yá, gbé mi. Ọwọ́ mi ni kí orí rẹ̀ wà. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Mama."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣèlérí, pẹ̀lú irú ẹnu tí a fi ń ṣe àmín sí àdúrà ẹlòmíì.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkàn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́wàá nílé ìwòsàn, ó padà wálé ní ìdajì ara rẹ̀. Dókítà kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kí ohunkóhun já a láyà. Oògùn tuntun tí wọ́n fún un máa ń kùn ún lóorun, ó sì lè sùn títí aago mẹ́sàn-án kí ó má mọ ẹni tó wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì tó dé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méje ò tíì lù tí ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin fi kan ilẹ̀kùn kíṣìnì. Kò wá mu kọfí. Ó ní inú ń run ẹṣin náà, ó ti ń yí gbiri nílẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ti tutù fún òógùn, òun sì ti pe dókítà. Dókítà ẹran náà dé kíákíá, obìnrin kékeré kan tó wọ bàtà òjò. Ó gbé etí lé e nínú, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lábẹ́, ó sì mi orí. Ìfun ló lọ́ pọ̀. Fún ẹṣin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀, kò sí iṣẹ́ abẹ. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ó ní kí a má jẹ́ kó jẹ̀rora ju ìdajì wákàtí lọ mọ́.

Mo pe ọmọ Mama ní Manhattan. Ó ń wọ ilé ẹjọ́ lọ lọ́wọ́. Ó ní òun ò lè dé ibẹ̀ kí wákàtí méjì tó pé. Ó wá ní, "Ìwọ lo wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣé ọkàn rẹ̀ lè gbà á? Èyí tí o bá rí pé ó dára, ṣe é."

Ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ń sùn, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lórí kúbùsù, tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Bí mo bá fi ọwọ́ kàn án, á jí. Ìlérí mi ò ṣókùnkùn sí mi rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Abẹ́òkúta náà kò ṣókùnkùn. Òbí kì í rí òkú ọmọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, ìyá tó bí wọn wà nínú ilé kan náà, wọ́n sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn ni, wọ́n ti sìnkú tán kó tó gbọ́. Kò sẹ́ni tó pè é ní ìkà. Wọ́n ń ṣọ́ ìyá kí ó má baà tẹ̀lé ọmọ ni. Mo wo Mama, mo bi ara mi pé kí ni ẹṣin yìí jẹ́ fún un bí kò ṣe ọmọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí n wá tì í lọ dúró nínú òtútù kó máa wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń kú. Mo fa kọ́tìnì fèrèsé tó kọjú sí ilé ẹṣin. Mo fa ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ kó má dún, mo sọ̀kalẹ̀. Mo rò pé mo gba ẹ̀mí là.

Nígbà tí mo dé ìta, ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn mi, ó ń wá àga onítáyà. Mo ní Mama ń sùn, ara rẹ̀ ò le. Ó ní, "Ó sọ fún èmi náà." Mo ní kí ó jẹ́ kí ìyá sinmi. Kì í ṣe ẹni tó ń jiyàn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó di orí ẹṣin náà mú, ó ń bá a sọ èdè wọn sétí, òun fúnra rẹ̀ sì ń sunkún. Ẹṣin náà dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n. Mi ò ní purọ́ fún ọ, kò wo ọkùnrin náà. Etí rẹ̀ ń yí padà sọ́dọ̀ ilé, bí ilẹ̀kùn kíṣìnì bá dún báyìí, etí ti lọ síbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ò tíì lù, ṣùgbọ́n ó ń retí ẹni tó máa ń wá. Dókítà fún un ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, orí rẹ̀ wálẹ̀. Ó fún un ní ìkejì, ó wó. Ilẹ̀ mì lábẹ́ bàtà mi. Kí Mama tó jí, ọkọ̀ ńlá kan ti wá gbé e lọ, ọkùnrin náà sì ti fi omi fọ ibẹ̀.

Ó jí ní nǹkan bíi aago mẹ́wàá, ó ní kí n gbé òun lọ síta. Mo sọ fún un pé inú ń run Baálẹ̀, pé dókítà ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí bóyá ó le, mo ní wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Ó ní ẹ̀rù á máa bà á láàárín àwọn àjèjì, kí n pè wọ́n, kí n sọ fún wọn pé ẹ̀yìn etí òsì ló fẹ́ràn kí wọ́n máa họ fún òun. Mo ní màá pè wọ́n. Mo wọ kíṣìnì, mo dúró níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń pe ẹnìkan lórí fóònù, mo padà wá sọ fún un pé wọ́n ti gbọ́.

Bí irọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mo sì rò pé ọjọ́ méjì ló máa fi pẹ́. Nílé wa, ẹni tí a ń fi ikú pamọ́ fún kì í pẹ́ mọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ̀gbọ́n kan á ti oko dé láìròtẹ́lẹ̀. Ìyá ilé kejì á wá jókòó tì í, kò ní gba omi. Ẹnìkan á gba ọmọrogùn lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó lọ sinmi. Àgbà méjì tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀ á jọ wọlé pọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó túfọ̀, ọkàn rẹ̀ á ti gbọ́, àwọn tó máa dì í mú á sì ti yí i ká. Mò ń retí irú èyí láìmọ̀ pé mò ń retí rẹ̀. Mo ti ṣe ìdajì tèmi, mo ti fi pamọ́. Ìdajì tó kù, ta ló fẹ́ ṣe é? Nínú ìlú yẹn, aládùúgbò tó bá sún mọ́ni jù ni èyí tó bá ń gun ẹṣin kọjá lẹ́yìn ilé, tó gbé ọwọ́ sókè, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ Mama dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lórí fóònù, ó ní òun á sọ fún un fúnra òun bí òun bá wá. Ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tòun ti òdòdó. Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ajé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní òun la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, òun ò lè sọ ọ́, kí a fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tó burú jù ni pé ara Mama ń yá. Ìrètí ń bọ́ ọ. Ó ń jẹ oúnjẹ tán. Ó ní kí n gbé bàtà tí òun fi ń gun ẹṣin jáde, kí n fi òróró kùn ún, torí pé bí ẹṣin bá padà dé, òun fẹ́ dúró lórí ẹsẹ̀ òun kí i. Ó ń bi mí léèrè láràárọ̀, mo sì ń dáhùn. Mo ní ó ti jẹ koríko díẹ̀. Mo ní ó ti dìde dúró. Ẹnu mi wá mọ irọ́ náà débi pé mo ń rí ẹṣin ọ̀hún lójú ara mi, tó dúró sínú ilé ìwòsàn tí kò sí. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin kò wá mu kọfí mọ́. Ilé ẹṣin tó ṣófo ló ń gbá, bó bá sì rí mi lókèèrè, á yà gba ẹ̀yìn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ tó bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́tà dé. Mama fúnra rẹ̀ ló máa ń ṣí lẹ́tà rẹ̀ lórí tábìlì kíṣìnì, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mò ń bó ọ̀dùnkún. Nígbà tí mi ò gbọ́ ìró ìwé mọ́, mo bojú wẹ̀yìn. Ọ́fíìsì dókítà ẹran ló fi káàdì ránṣẹ́ láti bá a kẹ́dùn, àṣà tiwọn ni, a ò sì rò ó. Nínú káàdì náà ni irun ìrù ẹṣin kan wà tí wọ́n di bí ẹni dirun ọmọdé, tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù so. Ó ti gbé e sí imú. Ojú rẹ̀ ti dì.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mama. Kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ yìí."

"Níbo ni mo wà?"

"Ẹ ń sùn."

"Ta ló di orí rẹ̀ mú?"

Mo sọ fún un. Ó mi orí pé ó dára, ọkùnrin dáadáa ni. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní èyí tí mò ń bẹ̀rù.

"Ṣé ó wá mi?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń pa irọ́ fún un, kíákíá, láìkọsẹ̀. Nígbà tó wá di pé irọ́ kan ṣoṣo ló kù tó lè ṣàánú rẹ̀, mi ò rí i pa. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mama. Etí rẹ̀ ń yí sọ́dọ̀ ilé."

Kò pariwo. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ́ irun náà sórí tábìlì. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọkàn rẹ̀, ohun tí dókítà sọ, bí a ti ń ṣe nílé wa. Ó ní kí n dìde, ìkúnlẹ̀ mi ò wúlò fún òun. Ó ní, "Mi ò sọ pé kí o gba ikú rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Tèmi ni. Ìwọ wá gbé e fún àjèjì." Ó ní kí n ti òun lọ sí yàrá. Láti ọjọ́ náà, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi mọ́. Kì í ṣe pé ó ń bínú tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá gbé abọ́ wá, á kàn wò mí bí ẹni tó ń wo ohun tí kò dá lójú, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohunkóhun tí mo bá sọ, ì báà jẹ́ pé òjò ń rọ̀, ó máa ń yọjú wo ìta kó tó gbà. Kò pé ọjọ́ márùn-ún tí iléeṣẹ́ tó gbà wá síṣẹ́ fi pè mí pé ẹlòmíì ni yóò lọ síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ní Bronx, gbogbo èèyàn dá mi láre. Àbúrò mi ní kí ni mi ò bá ṣe, ṣé kí n pa arúgbó ni? Àwọn ìyá tí a jọ ń lọ sí ásáláátù ní àánú mi ló ṣe àwọn, wọ́n ní òyìnbó ò mọ oore. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdáláre wọn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ìyá náà lọ, torí bí mo ṣe jókòó láàárín wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀pà àti ọ̀rọ̀ tù mí nínú, mo rí i pé ohun tí mo ní nìyí tí Mama kò ní. Mo ń jẹ̀bi, èèyàn mẹ́fà yí mi ká. Òun ṣọ̀fọ̀, kò sẹ́ni kan.

Oṣù kan ò tíì pé sígbà náà, mo wà níbi tí a ti ń fi ẹ̀rọ fọṣọ ní òpópónà wa, kóòtù mi ń yí nínú ẹ̀rọ níwájú mi, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi láti iléeṣẹ́ náà. Oníbàárà yín ti kú, wọ́n ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ ilé padà. Mo ti gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi. Mo ka ọ̀rọ̀ náà, mo tún un kà, mo jókòó sórí àga ike tó wà níbẹ̀, mo sunkún láàárín àwọn tó ń ká aṣọ wọn. Lẹ́yìn náà, mo pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ẹṣin. Mo bi í pé ta ló wà lọ́dọ̀ Mama nígbà tó ń lọ. Ó ní kò sí, ẹni tó gba iṣẹ́ mi sọ̀kalẹ̀ lọ gbé ọbẹ̀ kaná ni, kó tó gòkè, ó ti parí. Ó ní irun ẹṣin náà wà lọ́wọ́ Mama. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo pa á. Dókítà á ní ọkàn ló pa á, wọn ò sì ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mo gba ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí mi ò lè dá padà bí mo ṣe dá kọ́kọ́rọ́ padà, mo sì mọ̀ pé kò dárí jì mí.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí mo ti ṣì í. Mo máa ń rò pé àṣà wa ló burú, tàbí pé àṣà tiwọn ló le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ikú pamọ́ fún ìyá bàbá mi, wọn ò fi òun nìkan sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fi ń sùn yí i ká. Bí kò bá rí òkú ọmọ rẹ̀, ó rí àwọn tó rí i. Èmi gbé ìfipamọ́ nìkan sọdá òkun, mo gbàgbé àwọn èèyàn sẹ́yìn, mo wá gbé e kalẹ̀ nínú ilé tí kò ní ju èmi àti òun lọ. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ lásán ni ohun tó kù.

Laurelton, ní New York níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mò ń tọ́jú bàbá kan, ọmọ Ìbàdàn, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ mẹ́rin ló ní, gbogbo wọn wà nílé lọ́hùn-ún. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń sunkún. Àkọ́bí wọn ṣubú nínú ilé lánàá, kò dìde mọ́. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má tell Daddy," ó ní. "BP wọn ti ga jù. Tí wọ́n bá béèrè, ẹ sáà sọ pé Brother travel. Tí a bá ti ṣe burial tán, a máa mọ bí a ṣe máa sọ ọ́."

Mo bá a sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí ó má bínú, mi ò ní sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kí ó dá gbọ́ ọ. Mo pe dókítà rẹ̀, mo gba ìmọ̀ràn. Mo pe ìjọ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́rin ọ̀sán, ìyàwó pásítọ̀ ti wà ní pálọ̀, àgbà ìjọ méjì sì jókòó ti bàbá, àwọn ọkùnrin tí wọ́n máa ń bá bàbá jiyàn lórí bọ́ọ̀lù. Mo gbé omi wá, kò sẹ́ni tó gbà á. Wọ́n kí i, wọ́n dákẹ́. Mo dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù.

Bàbá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó gbé e lé itan. Kò bi ìyàwó pásítọ̀, kò sì bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi ló yíjú sí.

"Èwo nínú wọn ni?"

Mo jókòó tì í, mo sì dárúkọ àkọ́bí rẹ̀.